Gbígbẹ́ àti Mímọ: Erédò Ṣùńgbọ́ àti Àwọn Tẹ́ńpìlì Inú Àpáta ní Ilẹ̀ Íńdíà

1. Ìfáárà



Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ dá lé orí iṣẹ́ ńlá kan tí àwọn baba ńlá wa ṣe ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, èyí tí a ń pè ní Erédò Ṣùńgbọ́. Mo mọ̀ pé orúkọ náà kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo ti ń ṣàkíyèsí láti ọjọ́ pípẹ́. Bí a bá ń ka àwọn iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Yorùbá, a máa ń dárúkọ orí idẹ Ifẹ̀, a máa ń dárúkọ ère òkúta Ẹ̀sìẹ́, a máa ń dárúkọ ilẹ̀kùn tí Olówè ará Ìsẹ̀ gbẹ́. A kì í dárúkọ Erédò. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń kọ́ni ní ìtàn ogun ni a máa ń tì í sí. Kòtò ni, a ní. Ta ni í ka kòtò mọ́ iṣẹ́ ọnà?

Èrò mi nínú iṣẹ́ yìí ni pé iṣẹ́ ọnà ni Erédò í ṣe, àti pé ìdílé kan náà ni òun àti àwọn tẹ́ńpìlì tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta ní ilẹ̀ Íńdíà láyé àtijọ́. Mo tún fẹ́ fi hàn pé nítorí pé a kò kà á sí ohun tí ọwọ́ gbẹ́ ni ó fi ń parẹ́ lójú wa láìsí ẹni tí ń pariwo. N óò kọ́kọ́ yẹ èdè wa wò. Lẹ́yìn èyí, n óò mú yín lọ sí Íńdíà fún ìgbà díẹ̀. N óò sì wá mú yín padà sí ilé.

2. Gbẹ́ àti Mọ

Lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi, nítorí náà inú ọ̀rọ̀ ni n óò ti bẹ̀rẹ̀. Yorùbá ní ọ̀rọ̀-ìṣe méjì tí ó ṣe pàtàkì bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ọwọ́ ènìyàn fún ní ìrísí. Èkíní ni mọ. A ń mọ ilé, a ń mọ odi, a ń mọ ìkòkò, a ń mọ ààrò. Èkejì ni gbẹ́. A ń gbẹ́ ère, a ń gbẹ́ odó, a ń gbẹ́ ìlù, a ń gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi. A sì tún ń gbẹ́ kànga, a ń gbẹ́ kòtò, a ń gbẹ́ yàrà.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì hàn gbangba. Ẹni tí ń mọ nǹkan, kíkún ni ó ń kún un. Amọ̀ ni ó ń bù lé amọ̀. Bí ó bá ṣì í, ó lè wó o lulẹ̀ kí ó sì tún amọ̀ náà pò. Ẹni tí ń gbẹ́ nǹkan, dídín ni ó ń dín in. Ohun tí ó bá ti gé kúrò kò ṣe é lẹ̀ padà. Ìdí nìyí tí àwọn agbẹ́gilére wa fi pín iṣẹ́ wọn sí ìpele mẹ́rin. Wọn a kọ́kọ́ ṣe ọnà lílé, èyí tí wọ́n fi ń la igi sí orí, ara àti ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àlétúnlé, tí wọ́n fi ń mú ìrísí kọ̀ọ̀kan jáde. Lẹ́yìn rẹ̀ ni dídán. Ìkẹyìn wá ni fínfín. Kò sí ẹni tí í bẹ̀rẹ̀ láti fínfín. Ẹni tí yóò gbẹ́ nǹkan ní láti rí òpin iṣẹ́ náà kí ó tó gbé àáké sókè.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni èdè wa ń lò fún ère àti fún yàrà. Àwọn èdè mìíràn wà tí wọ́n ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Nínú irú èdè bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó gbẹ́ ère ni ọnà wà lọ́wọ́ rẹ̀, alágbàṣe lásán sì ni ẹni tí ó gbẹ́ ilẹ̀. N kò sọ pé gbogbo ẹni tí ó bá ti gbẹ́ ṣáláńgá ti di Olówè ará Ìsẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé èdè wa ṣí ilẹ̀kùn kan sílẹ̀ fún wa, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ti ka ìwé tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi gba ẹnu ọ̀nà náà wọlé mọ́.

3. Ihò tí a bá àti ihò tí a gbẹ́

Kí a tó dé Íńdíà, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá dé ibẹ̀ ní 1830, abẹ́ àpáta Olúmọ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sá sí. Títí di òní, àlejò tí ó bá gun Olúmọ yóò rí àwọn yàrá kéékèèké tí wọ́n fi ògiri amọ̀ pín sábẹ́ àpáta náà, yóò sì rí ojú ibi tí wọ́n ti lọ nǹkan lára òkúta títí ó fi jinlẹ̀. Bíbá ni wọ́n bá ihò náà níbẹ̀. Àpáta ni ó pèsè òrùlé. Àwọn ènìyàn sì mọ ohun tí ó kù.

Bí ó ti bẹ̀rẹ̀ ní Íńdíà náà nìyí. Àwọn olùfọkànsìn wà níbẹ̀ tí wọn kì í ní ilé, tí wọ́n ń rìn káàkiri láti ìlú dé ìlú. Nígbà òjò, ìrìn kò ṣe é rìn, nítorí náà wọ́n a wá ibi tí wọn yóò fara pamọ́ sí títí òjò yóò fi dá. Ihò àpáta ni ó sún mọ́ wọn jù. Nígbà tí ó pẹ́, àwọn ọba àti àwọn olówó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò fún wọn.

Nínú àwọn tí ó tíì pẹ́ jù nínú irú ihò bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó wà ní òkè Barabar, ní ìpínlẹ̀ Bihar. Ọ̀rúndún kẹta kí a tó bí Jésù Kristi ni wọ́n gbẹ́ wọn. Ọba Ashoka fi méjì nínú wọn ta àwọn olùfọkànsìn tí a ń pè ní Ajivika lọ́rẹ, ó sì jẹ́ kí wọ́n fín ọ̀rọ̀ ìfitọrẹ náà sí ara àpáta. Àpáta líle ni, síbẹ̀ wọ́n dán ògiri inú rẹ̀ títí ó fi ń kọ mọ̀nà bí dígí. Ní ẹnu ọ̀kan nínú àwọn ihò náà, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀kùn tí ó jọ iwájú ilé onígi tí a fi koríko bò. Òkúta ni ó wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ilé igi ni ó wà lọ́kàn wọn.

Ní Karla, tí ó wà ní apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà, gbọ̀ngán ìjọsìn kan wà tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí mítà 45. Ó ti tó nǹkan bí 2,000 ọdún tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ti gbẹ́ ẹ sínú òkè. Àjà òkúta kò nílò igi kankan láti gbé e dúró. Síbẹ̀ wọ́n fi àwọn igi tí ó tẹ̀ kọdọrọ sábẹ́ àjà náà, bí egungun ìhà, àwọn igi náà sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ohun tí igi náà ń ṣe kò ju ìrántí lọ: ó ń rántí bí ilé ti ń rí kí a tó mọ bí a ti ń gbẹ́ àpáta.

Ní Ajanta, nǹkan bí 30 ihò ni ó wà ní ẹ̀gbẹ́ òkè kan tí ó yí odò Waghora ká bí òṣùpá tí kò tíì kún. Ìgbà méjì ni wọ́n gbẹ́ wọn: díẹ̀ nínú wọn ní nǹkan bí ọ̀rúndún kejì sí èkíní kí a tó bí Jésù, èyí tí ó pọ̀ jù ní ọ̀rúndún karùn-ún lẹ́yìn ìbí rẹ̀, nígbà ọba Harishena ti ìdílé Vakataka. Àwọn ihò kan wà níbẹ̀ tí wọn kò parí, àwọn yìí sì ni olùkọ́ wa, nítorí pé wọ́n fi bí iṣẹ́ náà ti ń lọ hàn wá. Àjà ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbẹ́, wọ́n a wá máa sọ̀kalẹ̀ sí ilẹ̀. Báyìí ni wọn kò fi nílò àkàbà gíga. Òpó tí ẹ rí nínú gbọ̀ngán kì í ṣe ohun tí wọ́n gbé wọlé. Ó jẹ́ àpáta tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ má gbẹ́.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó ya ni lẹ́nu jù ni Kailasa, ní Ellora. Ihò 34 ni wọ́n kà ní Ellora: 12 jẹ́ ti ẹlẹ́sìn Búdà, 17 ti ẹlẹ́sìn Híńdù, 5 ti ẹlẹ́sìn Jéènì. Kailasa ni ó jẹ́ ìkẹrìndínlógún nínú wọn. Ìgbà ọba Krishna Kìíní ti ìdílé Rashtrakuta, tí ó jọba ní nǹkan bí 756 sí 773, ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbé e sí. Tẹ́ńpìlì yìí kò sí nínú ihò. Ó dúró ní gbangba bí ilé tí a kọ́, ṣùgbọ́n òkúta kan ṣoṣo ni láti òkè dé ilẹ̀. Orí òkè ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ yàrà jíjìn mẹ́ta yí apá kan òkè náà ká, títí apá tí ó wà láàárín fi dá dúró. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń gbẹ́ àpáta àárín náà láti ṣóńṣó orí sọ̀kalẹ̀. Òrùlé ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, ìpìlẹ̀ ni wọ́n ṣe kẹ́yìn. Àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé àpáta tí wọ́n kó kúrò níbẹ̀ tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 200,000. Irú ọ̀nà yìí kan náà ni àwọn ará Etiópíà gbà gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì 11 sínú àpáta ní Lalibela.

Ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ gbólóhùn kan nínú ohun tí mo sọ yìí, nítorí òun ni a óò gbé padà sí ilé. Kailasa, tí gbogbo ayé gbà pé ó jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ ọnà, yàrà gbígbẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

4. Yangí

Ohun kan so ilẹ̀ Íńdíà àti ilẹ̀ wa pọ̀ tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni. Ní 1807, Francis Buchanan, dókítà ará Scotland tí ó rìnrìn àjò káàkiri gúúsù Íńdíà, tẹ ìwé kan jáde. Nínú rẹ̀ ni ó ti sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ pupa kan tí àwọn ará Malabar ń gé bí búlọ́ọ̀kù láti fi kọ́lé. Ó ṣàkíyèsí pé bí ilẹ̀ náà bá ṣì wà nísàlẹ̀, irin ń gé e wẹ́rẹ́. Bí atẹ́gùn àti oòrùn bá ti kàn án, a sì le bí òkúta. Láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tí ó túmọ̀ sí bíríkì ni ó ti yọ orúkọ tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pe ilẹ̀ náà títí di òní.

Kò sí ohun tí a fẹ́ fi orúkọ náà ṣe, nítorí a ti ní tiwa. Yangí ni. Òun ni a fi ń ṣe ojúbọ Èṣù ní ìta gbangba. Àwọn àgbà wa mọ ìwà rẹ̀ dáadáa: ó rọ̀ nínú ilẹ̀, ó le ní ìta. Ilẹ̀ oníyangí yìí sì ni ó wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Fún ẹni tí ó fẹ́ gbẹ́ nǹkan, kò sí ohun tí ó dára jù ú lọ. Yóò gbà fún ọkọ́ lónìí, yóò sì kọ̀ fún òjò lọ́la.

5. Erédò

Erédò jẹ́ yàrà àti odi tí ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àtijọ́ ká. Gígùn rẹ̀ lápapọ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 160. Ilẹ̀ tí ó yí ká tó nǹkan bí kìlómítà 40 láti àríwá dé gúúsù. Ní ibi tí ó jìn jù, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó mítà 20. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà márùn-ún lè dúró síbẹ̀ kí orí rẹ̀ má yọ. Ògiri yàrà náà dúró ṣánṣán, ó sì dán dé ibi tí ó ń ya àwọn awalẹ̀pìtàn lẹ́nu. Igi àti ìtàkùn ti hù ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ewé wọn sì ti pàdé lókè, tí ó fi jẹ́ pé abẹ́ òrùlé ewé ni ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ ń rìn.

Mo ti sọ̀kalẹ̀ síbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ohun tí ó sì máa ń gba ọkàn mi ni ìpele kẹta nínú iṣẹ́ agbẹ́gilére: dídán. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí wọ́n fẹ́ kò ju kòtò tí ọ̀tá yóò jìn sí lọ, kòtò tí ó rí gbágungbàgun náà ì bá tó. Ẹni tí ó dán ògiri báyìí mọ̀ pé dídán a máa yọ ẹsẹ̀ ẹni tí ó fẹ́ gùn ún. Ó sì tún mọ̀ pé ojú yóò wò ó. Ìwúlò àti ẹwà kò jà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọn kì í ti í jà lára odó tí a gbẹ́ dáadáa.

Ibi kan wà tí Erédò ti yàtọ̀ sí Kailasa, ìyàtọ̀ náà sì wù mí púpọ̀. Ní Ellora, àpáta tí wọ́n gé, kíkó ni wọ́n kó o kúrò níbẹ̀; ohun tí ó ṣẹ́kù ni iṣẹ́ ọnà. Ní Erédò, ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ nísàlẹ̀ ni wọ́n gbé sókè ní apá inú láti fi mọ odi. Bí yàrà ti ń jìn ni odi ń ga. Gbogbo agbọ̀n ilẹ̀ tí ó jáde ṣe iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Gbígbẹ́ àti mímọ, tí mo yà sọ́tọ̀ fún yín ní ìbẹ̀rẹ̀, di iṣẹ́ kan ṣoṣo níhìn-ín.

Patrick Darling, awalẹ̀pìtàn ará Gẹ̀ẹ́sì tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ ipa yàrà ilẹ̀ Bìní àti ti Ìjẹ̀bú, fojú bù ú pé ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ní Erédò tó kúbíkì mítà mílíọ̀nù 3.5. Èyí ju ohun tí ó wà nínú píramídì Gísà tí ó tóbi jù lọ. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ ní èdè alágbọ̀n. Bí agbọ̀n kan bá gba ìdá kan nínú àádọ́ta kúbíkì mítà, ẹrù tí wọ́n rù gun òkè náà yóò jẹ́ mílíọ̀nù 175. Orí ènìyàn ni ó ru gbogbo rẹ̀.

Kí ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún? Odi wà ní inú, yàrà wà ní ìta. A lè rí i níbẹ̀ pé ẹni tí ń bọ̀ láti ìta ni wọ́n ń ṣọ́ra fún. Ṣùgbọ́n kò sí ọba tí ó lè to jagunjagun sí kìlómítà 160 ní ẹ̀ẹ̀kan náà. Nítorí náà èrò mi ni pé Erédò ń sọ̀rọ̀ bí ó ti ń dáàbò boni. A máa ń kọ ilà sí ojú ọmọ kí ẹni tí ó bá rí i lè mọ ibi tí ó ti wá. Erédò ni ilà tí àwọn Ìjẹ̀bú kọ sí ojú ilẹ̀ wọn.

6. Ta ni ó gbẹ́ ẹ?

Ìtàn àtẹnudẹ́nu ilẹ̀ Ìjẹ̀bú sọ pé obìnrin ọlọ́rọ̀ kan tí a ń pè ní Bilikisu Ṣùńgbọ́ ni ó ní kí a gbẹ́ Erédò. Ìtàn náà ní opó ni, kò sì bímọ. Ó ṣe iṣẹ́ yìí kí orúkọ rẹ̀ má baà parun. Ibojì rẹ̀ wà ní Òkè-Ẹ̀rí, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn mùsùlùmí àti kìrìsìtẹ́nì sì ń lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún. Nítorí orúkọ Bilikisu, ọ̀pọ̀ gbà pé òun ni ọbabìnrin Ṣébà tí ó lọ kí ọba Sólómọ́nì. Nígbà tí ìwádìí Darling di mímọ̀ káàkiri ayé ní 1999, ọ̀rọ̀ Ṣébà yìí ni àwọn ìwé ìròyìn òkè òkun gbé gẹ̀gẹ̀.

Ọdún kò jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí 1,000 ọdún sẹ́yìn ni Darling gbé Erédò sí. Ní àwọn ọdún 2010, Gérard Chouin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún wa ilẹ̀ náà wò. Àbájáde tiwọn sún un sí ìparí ọ̀rúndún kẹrìnlá àti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn ìbí Jésù, ó sì fi hàn pé iṣẹ́ náà kò pẹ́ kí ó tó parí. Èyíkéyìí tí a bá gbà nínú méjèèjì, Sólómọ́nì ti kú láti nǹkan bí 1,700 ọdún ó kéré tán.

Síbẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ lítíréṣọ̀ kì í da ìtàn nù nítorí pé ọdún kò bá a mu. Ó ní láti béèrè ohun tí ìtàn náà ń dáhùn. Ìtàn Ṣùńgbọ́ ń dáhùn ìbéèrè kan tí ó ń ká Yorùbá lára: ẹni tí kò bímọ, báwo ni orúkọ rẹ̀ yóò ṣe wà láyé? Àwọn àgbà ní ẹni ọmọ sin ni ó bímọ. Ṣùńgbọ́ kò bímọ, bí ìtàn ti wí, ṣùgbọ́n ọdọọdún ni ọmọ ọlọ́mọ ń wá sí ibojì rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ó rọ́pò ọmọ fún un. N kò mọ ọ̀nà tí ó dára ju èyí lọ tí ìran kan lè gbà sọ pé iṣẹ́ yìí tóbi lójú àwọn.

Ohun tí ó dùn mí ni ohun tí ìtàn náà kò sọ. Ó rántí ẹni tí ó ní kí a gbẹ́. Kò rántí ẹni tí ó gbẹ́. Ní Karla, wọ́n fín orúkọ àwọn tí ó dá owó iṣẹ́ náà sí ara àpáta. Oníṣòwò ńlá kan wà níbẹ̀, káfíńtà kan sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní Ajanta, orúkọ mìíràn tún wà. Ní 1819, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ John Smith dé ibẹ̀ níbi tí ó ti ń ṣọdẹ, ó sì ha orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ náà sára iṣẹ́ àwọn tí ó kun ihò náà. Òun ni ọ̀pọ̀ ìwé sọ pé ó ṣàwárí Ajanta, bí ẹni pé àwọn ará abúlé tí ń gbé ní àyíká náà kò ní ojú. Bákan náà ni ó rí nígbà tí wọ́n kéde ní 1999 pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí Erédò nínú igbó. Peter Lloyd ti kọ̀wé nípa rẹ̀ nínú ìwé àtìgbàdégbà Odù láti 1959, àwọn tí Lloyd sì bi léèrè ọ̀rọ̀ ti mọ̀ ọ́n kí a tó bí Lloyd.

Bí a bá fún ọbabìnrin Ṣébà ní Erédò, a ti gbà á lọ́wọ́ àwọn tí ó ru ilẹ̀ rẹ̀. Ìjẹ̀bú ni wọ́n. Àwọn ni ó mọ bí yangí ti ń rọ̀ àti ìgbà tí ó ń le. Ẹnìkan nínú wọn ni ó fa ìlà tí àwọn yòókù gbẹ́ tẹ̀lé, tí ó sì rí òpin kìlómítà 160 náà lọ́kàn kí ọkọ́ àkọ́kọ́ tó balẹ̀.

7. Bí iṣẹ́ gbígbẹ́ ti ń kú

Mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Iṣẹ́ mímọ àti iṣẹ́ gbígbẹ́ kì í kú bákan náà. Ilé tí ó bá wó a máa fi àlàpà sílẹ̀. Ẹni tí ó bá kọjá yóò wí pé, 'Ẹnìkan ti gbé ibí rí.' Yàrà tí ó bá dí kì í fi nǹkan kan sílẹ̀. Ilẹ̀ yóò tẹ́ pẹrẹsẹ, ọmọ tí a bá bí lẹ́yìn rẹ̀ yóò sì rò pé bí Olódùmarè ti dá a nìyẹn.

Àpáta dúdú ni Kailasa. Bí a bá pa á tì fún 500 ọdún, yóò ṣì wà níbẹ̀. Ilẹ̀ ni Erédò, ibi tí ẹnikẹ́ni kò bá ti bójú tó o ni ó ti ń dí. Òjò ń ṣí ilẹ̀ odi wá sínú yàrà. Ọ̀nà ọkọ̀ ti gé e kọjá. Oko ń sún mọ́ ọn, ilé sì ń tẹ̀lé oko. Ẹni tí ó ra ilẹ̀ tí yàrà wà nínú rẹ̀, ohun tí ó rí ni ihò tí ó gbọ́dọ̀ dí kí ó tó lè fi ilẹ̀ rẹ̀ ṣe nǹkan. N kò lè bínú sí i, nítorí kò sí ẹni tí ó sọ fún un rí pé iṣẹ́ ọwọ́ ni. Bí a bá ní kí ó wó odi ààfin kan, yóò bẹ̀rù. Bí a bá ní kí ó dí kòtò, yóò pe katakata.

Ìṣòro kejì ni pé Erédò kò sí ní abẹ́ ọwọ́ kan. Apá kan rẹ̀ wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, apá kan wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ní agbègbè Ẹ̀pẹ́. Ohun tí ó jẹ́ ti ènìyàn méjì, ó rọrùn kí ó di ohun tí kò ní olùtọ́jú. UNESCO kọ orúkọ Lalibela sínú ìwé ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 1978, ó sì kọ Ajanta àti Ellora ní 1983. Láti 1995 ni Nàìjíríà ti fi orúkọ Erédò sí àkójọ àwọn tí ń dúró de irú ọlá bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, Sukur ti wọlé ní 1999, igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo ti wọlé ní 2005. Ìdúródè kò burú, bí ohun tí ń dúró bá lè dúró.

8. Àgbálọgbábọ̀

Nǹkan mẹ́ta ni mo fẹ́ kí a mú lọ sí ilé. Èkíní wà lọ́wọ́ àwa olùkọ́. Bí a bá ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ ọnà Yorùbá, kí a fi Erédò kún un, kí a sì kọ́ ọmọ náà pé agbẹ́gilére àti agbẹ́lẹ̀ lè jẹ́ ọmọ ìyá. Kí a tún sọ ìtàn Ṣùńgbọ́ fún un gẹ́gẹ́ bí ìtàn, kí a sọ ọdún tí àwọn awalẹ̀pìtàn rí, kí a má sì jẹ́ kí ọ̀kan pa èkejì lẹ́nu mọ́.

Èkejì wà lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìlú àti abúlé tí Erédò gba ẹ̀bá wọn kọjá kò níye. Ìkọ̀ọ̀kan ní orúkọ tí ó ń pe apá tirẹ̀, ó ní èèwọ̀ rẹ̀, ó ní ìtàn rẹ̀. Kí a lọ gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láti ẹnu àwọn àgbà nígbà tí wọ́n ṣì wà. Ó lè jẹ́ pé inú oríkì ìdílé kan ni a óò ti rí àwọn tí ó ru agbọ̀n.

Ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ ẹ̀yin orí-adé àti ẹ̀yin tí ń ṣe ìjọba. Kí ìpínlẹ̀ méjèèjì jọ fi òpó sàmì sí ibi tí Erédò gbà, kí ẹni tí ó bá fẹ́ ra ilẹ̀ lè rí i kí ó tó san owó. Ẹnikẹ́ni kò nílò láti tún Erédò kọ́. Ohun tí ó ń béèrè lọ́wọ́ wa kò ju kí a má dí i.

Àwọn tí ó gbẹ́ ẹ mọ̀ pé ohun tí a bá ti gé kúrò kò ṣe é lẹ̀ padà, nítorí náà wọ́n ronú kí wọ́n tó gbé ọkọ́ sókè. Ohun tí a bá fi dí i náà kò ní rọrùn láti kó kúrò. Ẹ jẹ́ kí àwa náà ronú kí a tó pe katakata.